Ọkọ̀ Tó Ń Gbéni Padà Síbi Tó Ti Gbéni

Ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìdúró, nítorí ìyá rẹ ní orí ìdúró lẹ máa ń wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú nínú ọgbà ìgbafẹ́ yẹn. Ẹsẹ̀ tó ń gbé ọ dúró kò ní yẹ̀, ọwọ́ tí o fi ń ṣiṣẹ́ kò ní rọ. Ẹni tó bá ń wá àṣìṣe rẹ kò ní rí i, tó bá sì rí i, yóò jẹ́ èyí tó ṣeé tún ṣe. Àlàáfíà ni a wà nílé. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì máa ń sọ̀rọ̀ tí òjò bá ń bọ̀, ìyá rẹ ní òun kò gbọ́ rédíò nítorí ojú ọjọ́ mọ́ láti ìgbà tí òun ti ní orúnkún mi. Àbúrò rẹ ti rí iṣẹ́ sí ilé ìtajà oògùn, ó sì ti sọ ara rẹ̀ di dókítà nínú ilé, a ò lè wúkọ́ níwájú rẹ̀ mọ́ kó má béèrè ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù ìyá rẹ, ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan láti bá ọ rò kí n tó débi ọ̀rọ̀ gan-an. O kí mi, mo dáhùn. O ní ṣé mo sùn dáadáa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí mo ṣe sùn, àfi bí o ṣe gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu tí o ń bá tìrẹ lọ. Mo dákẹ́ kí o lè mí, mo tún dáhùn, o tún gbà á mọ́ mi lẹ́nu. Mo wá pariwo mọ́ fóònù pé ta ló kọ́ ọ ní irú ìwà yẹn. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó sí, ó ní o ò sí níbẹ̀, ohùn rẹ nìkan ló wà níbẹ̀, àti pé àná lo ti sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní tó bá jẹ́ àná ni, báwo lo ṣe wá ń béèrè bí mo ṣe sùn mọ́jú òní? Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Lẹ́tà kì í ṣe bí ẹni pé ẹni tó kọ ọ́ wà ní ìjókòó.

Ẹ̀bi kejì, tèmi ni. Lọ́jọ́ tí o pè wá tí ojú rẹ hàn, tí o wá yí fóònù sí ọkọ̀ ìgbafẹ́ tuntun tí ẹ fẹ́ ṣí lọ́jọ́ Sátidé, mo rí àwọn èrò inú rẹ̀, méjìlélọ́gbọ̀n, wọ́n jókòó ní méjì méjì, wọ́n gbáyà sókè. Mo kí wọn pé ẹ kú ìrìn o. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo tún kí wọn, mo tilẹ̀ bọ́ fìlà. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ìgboro ti ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, pé odindi èrò ọkọ̀ kan, kò séyìí tí wọ́n kọ́ nílé nínú wọn. Ìgbà tí o wá sọ pé ike ni wọ́n, pé omi lẹ rọ sínú wọn kí wọ́n lè wúwo bí ènìyàn, kí ẹ fi wò ó bóyá ọkọ̀ náà yóò gbé èrò láìséwu, ojú tì mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n inú mi dùn sí ọgbọ́n yẹn, nítorí èmi náà máa ń so àpò iyanrìn mọ́ àkàbà kí n tó tà á. Ohun kan ni kí o rántí, kí o sì sọ fún àwọn tó gbọ́n jù mí lọ níbẹ̀. Ẹ̀rù kì í ba omi, kì í yíra padà, kì í déédéé na ọwọ́ láti mú fìlà tó fẹ́ bọ́. Ẹni tó fi omi dán ìjókòó wò ti dán ìwúwo wò, kò tíì dán ènìyàn wò.

Èyí tí kò tíì yé mi títí di òní ni ibi tí ọkọ̀ náà ń lọ. Mo tẹ̀ lé e nínú fídíò lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó gun òkè bí ẹni tó ní iṣẹ́ pàtàkì, ó já wálẹ̀, ó dojú àwọn èrò délẹ̀, ó sáré yí ká, ó sì dúró gan-an níbi tó ti gbéra. Kò sẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà, kò sẹ́ni tó wọlé. Bí awakọ̀ àdúgbò wa bá dán an wò, kó gbé mi láti ibùdókọ̀, kó yí ọjà po, kó tún já mi sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan náà, kó sì gbowó lọ́wọ́ mi, àgọ́ ọlọ́pàá ni a ó ti parí ẹ̀. Ẹ̀yin ń gbowó, wọ́n sì tún ń tò sórí ìlà láti pààrà. Mo gbà fún yín.

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́ kí àwọn òbí òṣìṣẹ́ lè wà lára àwọn tó máa kọ́kọ́ gùn ún. Wọ́n béèrè gíga mi. Mo fi téèpù iṣẹ́ mi wọ̀n ọ́n, mo kọ ti ẹsẹ̀ lásán, ti bàtà, àti ti fìlà, kí wọ́n mú èyí tó bá wù wọ́n. Mo kọ́kọ́ bínú pé ẹ kì í gba ẹni kúkúrú, mo rò pé ìyájú ni, ṣùgbọ́n mo jókòó rò ó bíi káfíńtà, mo rí i pé irin tó ń dáni mú ní àyà dà bí ìdábùú ilẹ̀kùn, tí ilẹ̀kùn bá kéré sí férémù, ìdábùú kò ní nǹkan tó máa dì mú. Wọ́n béèrè bóyá mo lóyún. Mo kọ ọ́ pé rárá, mo sì dúpẹ́ pé wọ́n ṣì rò mí mọ́ ọn ní ọjọ́ orí mi. Níkẹyìn, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀ pé èmi tí mo bu ọwọ́ lù ú gbà pé mo lè farapa, pé mo sì lè kú. Irú èpè wo nìyẹn sí àlejò tí a pè? Mo fa ìlà pa á, mo kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé kò ní rí bẹ́ẹ̀ fún èmi àti ẹ̀yin náà, mo sì bu ọwọ́ lu ìyẹn. Àbúrò rẹ ní wọn ò ní gbà á. Mo ní wọ́n á ṣe àmín ni.

Ó tó gẹ́ẹ́. Jẹ́ kí n débi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀.

Mo ní kí ìyá rẹ tún ohùn rẹ yẹn gbé sí i, mo sì pa ẹnu mọ́ lọ́tẹ̀ yìí. O ní o máa ń fa irin àyà ìjókòó kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta kí ọkọ̀ tó gbéra, o máa ń kà á sókè, tí ẹnikẹ́ni bá sì dá ọ lọ́rọ̀, wàá padà sí ìjókòó kìíní. Mo mọ ilé tí o ti kọ́ ìyẹn. O ní lọ́jọ́ náà, lórí ọkọ̀ àtijọ́ oníjòókòó mẹ́rìnlélógún, o ti dé ìkẹrìndínlógún nígbà tí ọ̀gá rẹ pariwo láti inú yàrá tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀ pé iná aláwọ̀ ewé tó ń sọ pé irin ti wọlé ti tàn fún gbogbo ìjókòó, pé èrò ń kùn lórí ìlà, kí o kúrò lọ́nà. O kúrò lọ́nà. Obìnrin aránṣọ kan wà lórí ìjókòó ogún, irin rẹ̀ kò wọlé tán, iná sì ní ó wọlé. Ọkọ̀ náà gbọn obìnrin náà títí eegun èjìká rẹ̀ fi ṣẹ́. O wá ní ọ̀gá ti tẹ ìwé kan sílẹ̀ pé aránṣọ náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé irin sókè, kí o bu ọwọ́ lù ú kí ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà tó jókòó lọ́jọ́ Ẹtì. Tí o bá bu ọwọ́ lù ú, ìwọ ni olórí ọkọ̀ tuntun. Tí o kò bá bu ọwọ́ lù ú, kí o máa wá iṣẹ́ mìíràn. O sì fi kún un ní ohùn kékeré pé irin tó wà lára ọkọ̀ tuntun, ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ti àtijọ́, iná náà sì ni.

O bi mí pé kí ni kí o ṣe. Kí n tó dáhùn, mo ní láti sọ ohun tí n kò sọ fún ọ rí.

O mọ Akunlé, tó ń gbé ní ọ̀kánkán ilé wa, tó ń tiro. Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn rẹ̀, pé ẹyẹ kan ló ń wò lórí òrùlé tó fi ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí àkàbà. Ẹ̀yin ọmọdé máa ń ké bí ẹyẹ tó bá ń kọjá, ìwọ náà wà níbẹ̀, mo sì máa ń fi ẹ̀rín pamọ́. Ọmọ mi, kò sí ẹyẹ kankan. Ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, ó wá gba àkàbà onígi mẹ́rìnlá lọ́wọ́ mi. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, gọ́ọ̀mù kì í tètè gbẹ nínú irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo dúró lórí àkàbà náà, mo ń tẹ igi kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń kà. Mo dé ìkẹsàn-án. Ó ní onílé ń dúró de òun, pé ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìgbéyàwó lẹ fẹ́ fi àkàbà yìí ṣe ni? Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní kó máa gbé e lọ, pé igi kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ìkejìlá ló yọ. Ìbàdí rẹ̀ fọ́, oṣù méjì ló fi sùn sí ọsibítù. Ìgbà tí mo gbọ́ pé ó ní ẹyẹ lòun ń wò, mo mí kanlẹ̀, mo gbé àkàbà náà wálé, mo fi dáná. Kò sẹ́ni tó gbé ìwé síwájú mi pé kí n bu ọwọ́ lù ú. Ẹnu tí mo pa mọ́ ni ìwé tèmi.

Lẹ́yìn tí mo gbọ́ ohùn rẹ, mo kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ó ń fá irùngbọ̀n lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìjókòó. Kò tilẹ̀ gbé abẹ kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní òun mọ̀ láti ọjọ́ kìíní, pé igi náà wà lọ́wọ́ òun nígbà tí òun balẹ̀, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń pa irọ́ ẹyẹ. Ó ní òun lòun kán mi lójú, ìdajì ẹ̀bi tòun ni, òun kàn ń dúró kí n wá gbé ìdajì tèmi ni, pé n kò yára rárá fún ẹni tó ń gbé ní ọ̀kánkán òun. Ó ní ṣùgbọ́n ẹyẹ ti sú òun. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè bóyá ìyá rẹ ti se oúnjẹ.

Ohun tí màá sọ fún ọ nìyí, fara balẹ̀ kà á. Lọ kí aránṣọ náà kí ìgbìmọ̀ tó jókòó, má dúró ọdún kankan. Mú abala ìwé tí ẹnì kan kò tíì kọ nǹkan sí, kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìjókòó kìíní títí dé ìkẹrìndínlógún, bí o ṣe fà wọ́n, àti ibi tí o ti dákẹ́. Má kọ ọ́ pé ọ̀gá pariwo kí o wá parí rẹ̀ síbẹ̀, kọ ọ́ pé o kúrò lọ́nà, ìyẹn ni ìdajì tìrẹ. Kọ ọ́ pé iná ń rí wáyà ni, kò rí irin. Kí o wá sọ fún wọn pé ọkọ̀ tuntun kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀mí kankan títí ọwọ́ ènìyàn yóò fi fa irin méjìlélọ́gbọ̀n náà, bí èrò bá fẹ́ kùn, kí wọ́n kùn, etí kì í ṣẹ́ bí eegun. Awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́jọ́rú, ọjọ́ Ẹtì kò tíì dé.

Ọ̀rọ̀ owó tí a fẹ́ kí o fi ránṣẹ́ ló kù, má jẹ́ kó ká ọ lára. Ìyá rẹ ń fẹ́ ike tí wọ́n fi ń bo fóònù, ojú fóònù tirẹ̀ ti là bí ojú ọ̀nà, ó ní o ní ìlà mẹ́ta níwájú orí báyìí. Èmi ń fẹ́ abẹ ayùn tuntun. Èyí tó ṣe pàtàkì ni owó ọkọ̀ ẹni méjì, nítorí Akunlé ní òun náà ń bọ̀. Ó ní láti ọdún yẹn òun kò tíì gun ohun tó ga ju bẹ́ẹ̀dì lọ, pé òun yóò gun ti yín lọ́jọ́ yòówù tí ẹ bá tó ṣí i, tó bá ṣáà ti jẹ́ ọwọ́ rẹ ló fa irin òun. Tí wọ́n bá lé ọ nítorí òtítọ́, fi owó náà wọ ọkọ̀ wálé, àwa méjèèjì yóò dúró dè ọ́ ní ibùdókọ̀. Ṣùgbọ́n tí o bá ti bu ọwọ́ lu ìwé yẹn, má fi nǹkan kan ránṣẹ́. N kò ní bínú. Mo ti gba ọ̀nà yẹn rí, ó gùn, kò sì sẹ́ni tó ń dúró deni níbẹ̀.

Orúkọ rẹ kò ní wà lábẹ́ ohun tí ojú rẹ kò rí. Ẹni tó bá fi ara lé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Iṣẹ́ kò ní wọ́n ọ, oorun kò sì ní wọ́n ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà.