Kànga Tí Ẹ Fi Ọwọ́ Yín Gbẹ́

Bàbá mi tí mò ń ṣàárò,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà. Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ káàárọ̀ o. Tí kò bá sì mọ́, ẹ gba ìkúnlẹ̀ mi bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sá fún lẹ́tà yìí, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wúwo, mi ò sì rí ẹlòmíì tí mo lè kó o lé lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn. Mo ti níṣẹ́ kejì. Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níléèwé wa ní Ọ̀yọ́ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, mo máa ń wọ lọ́rì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn kan ní ẹ̀kọ́ yunifásítì. Òyìnbó kan ló ń kọ́ wọn nípa ohun abẹ̀mí. Èmi ni mo máa ń dúró tì wọ́n nínú lábù, tí mò ń fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń la ọ̀pọ̀lọ́ láì ba inú rẹ̀ jẹ́, àti bí wọ́n ṣe ń fojú sí máíkírósíkóòpù, awò tó ń sọ ohun tíńtín di ńlá. Kì í ṣe iṣẹ́ odindi, wọn ò sì kà mí mọ́ àwọn tíṣà gidi. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ máa ń pè mí ní Ìyá Ọlọ́pọ̀lọ́ lẹ́yìn. Mo ń gbọ́ wọn. Ẹni tó bá pè mí bẹ́ẹ̀, òun ni mo máa ń ní kó kó ìfun dànù. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ì bá rẹ́rìn-ín.

Bí mo bá ti di ojú kan láti wo inú awò náà, ẹ̀yin ni mo máa ń rí. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa ń di ojú kan lóko, tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ebè yín tọ́. Ẹ ò sì ní í kúrò níbẹ̀ títí tí yóò fi tọ́, bí oúnjẹ tilẹ̀ ń tutù nílẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, mo ní kí kálukú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bu omi ilé rẹ̀ wá nínú ìgò. Ẹnì kan bu ti Sábó wá, òmíràn bu ti odò ẹ̀yìnkùlé wọn. Èmi náà lọ sí abúlé wa lọ́nà Ìresà, mo bu omi kànga yín. Fáàrí ló gbé mi débẹ̀, Bàbá. Mo fẹ́ kí wọ́n rí omi tó mọ́, kí n wá sọ pé bàbá mi ló gbẹ́ ẹ.

Lóòótọ́, omi yín mọ́ lójú ju tàwọn yòókù lọ. Mo kán an sórí gíláàsì, mo fojú sí i. Kòkòrò kéékèèké olójú kan ló ń ta pọ́ún pọ́ún kiri nínú rẹ̀. Nínú ikùn ọ̀kan nínú wọn, aràn kan ká jọ, ó ń mira. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, nítorí wọ́n ti kọ́ wa nípa rẹ̀ nígbà tí mò ń kàwé ní Ìbàdàn. Sòbìà ni. Ẹni tó bá gbé kòkòrò yẹn mì mọ́ omi lónìí, tó bá di àmọ́dún, sòbìà á máa yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Tó bá wá ki ẹsẹ̀ náà bọ omi, ọmọ sòbìà á tú sínú rẹ̀, àwọn kòkòrò á tún gbé e mì.

Mo jáde sẹ́yìn ilé, mo sunkún. Lẹ́yìn náà mo nu ojú mi, mo padà wọlé, mo jẹ́ kí gbogbo wọn wò ó. Mi ò sọ kànga ẹni tó jẹ́.

Bàbá, àtẹ̀gùn yẹn ni. Ẹ̀yin lẹ ní kò yẹ kí aboyún máa bẹ̀rẹ̀ sétí kànga, kó máa fa okùn. Ẹ la ẹnu kànga náà gbòòrò, ẹ gbẹ́ àtẹ̀gùn wọnú omi, kí àwọn obìnrin lè máa rọra sọ̀ kalẹ̀ fi igbá bù ú. Gbogbo abúlé ló ṣàdúrà fún yín. Ibẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ ti ń wọ omi tí a ń mu. Lọ́dọọdún tí omi bá fà, ẹ̀yin lẹ máa ń wọ inú rẹ̀ lọ kó ẹrẹ̀, pẹ̀lú sòbìà lẹ́sẹ̀, nítorí ẹ ní òtútù omi náà ń jẹ́ kí ìrora rọlẹ̀. Lọ́dún tí ẹ fi wá sílẹ̀, ojú sòbìà ló di egbò, egbò náà ló mú kí ẹnu yín dì, tí ara yín gan títí ẹ̀mí fi bọ́. Ṣé ẹ ti mọ̀? Ṣé wọ́n máa ń sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún èèyàn lọ́dọ̀ yín? Ó dùn mí pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n.

Ǹ bá dákẹ́, kí n fi orúkọ yín sílẹ̀ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n Àbẹ̀kẹ́ àbúrò mi ti bímọ ọkùnrin. Babátúndé la sọ ọ́, nítorí yín. Omi kànga yín ni wọ́n fi ń rọ ọ́ láràárọ̀.

Ni mo bá lọ sílé. Mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá àti Bàbá Kékeré, àbúrò yín, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Mo ní kí a máa sẹ́ omi náà kí a tó mu ún, kí ẹlẹ́sòbìà má sì wọ inú rẹ̀ mọ́. Inú bí Bàbá Kékeré gidigidi. Wọ́n ní inú ẹ̀jẹ̀ olúkúlùkù ni sòbìà wà láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Wọ́n ní, “Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi rán lọ síléèwé, òun náà ló wá ń fi ìwé bú omi baba rẹ̀.”

Ìyá dìde. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Dàńṣíkí funfun yín ni wọ́n mú jáde, èyí tí wọ́n kọ̀ kí a pín lọ́jọ́ tí a pín ẹrù yín. Wọ́n fà á ya lójú gbogbo wa, wọ́n ta á sẹ́nu àmù, wọ́n rọra da omi lé e, bí ẹni ń sẹ́ ògì. Wọ́n ní, “Omi rẹ̀ ni. Aṣọ rẹ̀ ni yóò máa sẹ́ ẹ.” Àwọn obìnrin agbo ilé ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí, Babátúndé kò sì mu omi tí a kò sẹ́ mọ́.

Ó wá ku Bàbá Kékeré. Wọ́n ní àwọn ò ní í sẹ́ omi ẹ̀gbọ́n àwọn láé. Ojú gbogbo èèyàn ni wọ́n ti máa ń sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n á fi igbá bù ú, tí wọ́n á mu ún tán, wọ́n á sì dárúkọ yín. Ìfẹ́ yín ló ń ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀, mi ò lè bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ wọn ti wú láti ìjẹta, inú omi náà ni wọ́n sì ń kì í bọ̀.

Wọn ò ní í gbọ́ tèmi, Bàbá. Tiyín nìkan ni wọ́n máa ń gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ sí wọn lójú oorun. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ kàn sọ fún wọn pé ẹ ò tíì fẹ́ rí wọn.

Èmi ọmọ yín obìnrin, tí kò jẹ́ gbàgbé yín.