Fíìmù Aago Mẹ́ta

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Kẹta

Kò sẹ́ni tó máa ka ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí n sòótọ́. Mo fẹ́ràn àwọn fíìmù ayé-ti-bàjẹ́ tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n láago mẹ́ta ọ̀sán Sátidé. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta awò ojú, ìròyìn ni mo máa ń sọ pé mò ń wò. Irọ́ ni. Ìmìtìtì ilẹ̀, òkè tó ń yọ iná, omíyalé — èyí tí mò ń wò nìyẹn, bisikíìtì lọ́wọ́ mi.

Tòní, ìjì ni. Òkúta tó tó ilé já lu ọkọ̀, ó sì ta padà bíi tìmùtìmù. Mọ́tò pupa kan náà dojú dé lẹ́ẹ̀mejì, ní àdúgbò méjì. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí.

Bàbá jókòó nínú àga wọn. Oṣù mẹ́rin rèé tí rọpárọsẹ̀ ti mú wọn lápá ọ̀tún, tó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Tẹ́lẹ̀, wọn kì í jókòó wò ó. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń dúró sí, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, bí ẹni tó fẹ́ jáde. "Ẹni tó ṣe eléyìí, ṣé ó ti fojú kan omi rí?" Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ omi, àwọn ló ń ṣí omi fún ìlú, àwọn ló ń sé e. Wọ́n á bú fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wákàtí kan àbọ̀, lórí ìdúró. Wọn ò jáde lọ síbì kankan rí.

Ẹnu tó ń bú fíìmù yẹn ni mò ń wá.

Ọjọ́bọ̀, 8

Olùkọ́ ọ̀rọ̀, ẹni tó ń kọ́ Bàbá láti tún máa sọ̀rọ̀, wá láti ọsibítù. Ẹ-Wí-I ni mo sọ ọ́ nínú ìwé yìí, torí ohun kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu ẹ̀ nìyẹn. Ó na àwòrán ife sí Bàbá. Ẹ wí i, sà. Àwòrán ṣíbí. Ẹ wí i, sà. Bàbá ń wo fèrèsé. Nígbà tó kan bàtà, wọ́n dijú.

Ó bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ku ẹ̀ẹ̀mejì tóun máa wá. Bí wọn ò bá sọ ọ̀rọ̀ kan títí dìgbà yẹn, ọsibítù á fi àyè wọn fún ẹlòmíì, èrò pọ̀ lórí ìlà. Kì í ṣẹjọ́ tòun. Ọ̀rọ̀ kan péré, ó ní, ṣùgbọ́n kó jẹ́ èyí tó ti inú wọn wá.



Ọjọ́ Ẹtì, 9

Èmi náà gbìyànjú. Àwòrán ife. Ife gan-an. Ife tí tíì wà nínú ẹ̀. Òfo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10

Omi ni tòní. Dáàmù ńlá kan fẹ́ ya. Mo ti ka òfin àwọn fíìmù yìí fún Bàbá kó tó bẹ̀rẹ̀: onímọ̀ kan á ti kìlọ̀, wọn ò ní gbọ́. Ọkọ àtìyàwó tó ti kọra wọn á padà fẹ́ra nínú àgbàrá. Ajá ò ní kú. Ẹgbẹ̀rún èèyàn lè bómi lọ, ajá ò ní kú.

Ó kù díẹ̀ kó parí, akọni fíìmù náà di kẹ̀kẹ́ irin tí wọ́n fi ń sé omi mú, ó ń yí i, ó ń làágùn. Àfi bí ọwọ́ òsì Bàbá ṣe gbéra. Ó ń fì sọ́tùn-ún, sọ́tùn-ún. Wọ́n ń mí gúlegúle. Ẹ̀rù bà mí, mo pa tẹlifíṣọ̀n.

Mo wá ṣàṣìṣe, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lórí fóònù — Alága, torí ọ̀nà jíjìn ló ti ń ṣalága ilé yìí. "Ẹni tára ẹ̀ ò yá lò ń fi omíyalé hàn? Ṣé orí ẹ pé báyìí? Orin jẹ́jẹ́ ni kó o máa fi sí wọn létí." Mo ní ẹ má bínú. Ó dùn mí, torí mo rò pé òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́ Ajé, 12

Orin jẹ́jẹ́. Bàbá sùn. Èmi náà sùn.

Ọjọ́bọ̀, 15

Ife, ṣíbí, bàtà. Bàbá pa ẹnu dé pátápátá. Mo rò pé ìwọ̀sí ni wọ́n kà á sí. Ẹni tó fún odindi ìlú lómi mu, wọ́n ń bi í pé kí ni wọ́n ń pe ṣíbí.

Ó ku ẹ̀ẹ̀kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17

Aago mẹ́ta lù. Mi ò tan tẹlifíṣọ̀n. Bàbá wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wò mí, wọ́n tún wo tẹlifíṣọ̀n. Irú ojú tí wọ́n máa ń fi wo òṣìṣẹ́ tó bá pẹ́ dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20

Omi kún táǹkì ẹ̀yìnkùlé, ó ń ṣàn dànù. Mo sáré lọ sé e. Kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lára páìpù, mo yí i sósì, omi tún pọ̀ sí i. Mo yí i sọ́tùn-ún, ó dá.

Mo dúró síbẹ̀, aṣọ mi rin gbingbin. Ọwọ́ Bàbá lọ́jọ́ yẹn — ọ̀tún ló ń yí sí. Akọni yẹn, òsì ló ń yí i sí. Kò sé omi rárá, ó ń ṣí i. Bàbá ò bẹ̀rù. Inú ló ń bí wọn. Wọ́n ń bá ọ̀dẹ̀ yẹn tún iṣẹ́ ẹ̀ ṣe, èmi wá lọ pa á mọ́ wọn lójú.

Mo wọlé, mo kúnlẹ̀. "Bàbá, òsì ló ń yí i sí, àbí?" Wọ́n dijú, wọ́n rọra mi orí, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹjọ́ ẹ̀ láre.

Ọjọ́rú, 21

Ẹ-Wí-I fiṣẹ́ ránṣẹ́. Ọ̀la ò ní ṣeé ṣe, Sátidé lòun máa wá. Aago mẹ́ta. Mo gbé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24

Mo ní màá pa tẹlifíṣọ̀n kí Ẹ-Wí-I tó dé. Mi ò pa á.

Àgbàrá ló tún ń gbé ìlú lọ. Ajá kan wà lórí òrùlé. Ẹ-Wí-I wọlé pẹ̀lú àwọn àwòrán ẹ̀, mo nawọ́ sí rìmóòtù, mo ń ṣàlàyé tí kò nídìí. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ ná. Ó jókòó, àwòrán lórí itan. Mọ́tò pupa dojú dé. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Òrùlé ń ya. Omi ti dé ẹsẹ̀ ajá. Iná lọ.

Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Fáànù rọra ń dúró. Mo gbọ́ ọ láti inú àga yẹn, ohùn tó ki bíi ti ẹni tí oúnjẹ kún ẹnu ẹ̀:

"Ajá ńkọ́?"

Mi ò yíjú. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá yíjú, á sá lọ. Ẹ-Wí-I ló dáhùn, kò na àwòrán, kò ní kí wọ́n wí i. "Ajá kì í kú nínú wọn, sà." Ojú tì í. "Gbogbo Sátidé ni mò ń wò ó."

Ètè wọn ń ṣiṣẹ́.

"Mo mọ̀," Bàbá ní.

Ẹ-Wí-I kọ ọ́ sínú fáìlì. Ó kó ife, ṣíbí àti bàtà sínú báàgì. Ó ní àyè Bàbá ò bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, òun á padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní Sátidé ló rọ òun lọ́rùn, láago mẹ́ta.

Alága ò tíì gbọ́. Màá pè é tí mo bá sunkún tán.