Àtẹ́wọ́ Tí A Fi Lé Ọ̀gá Ṣókí Kúrò Lórí Pèpéle

                                        Ilé Alájà Kejì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìwòsàn,
                                        9 Oṣù Kẹfà.

Àbúrò mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti mókun? Àwọn ọmọ tí kì í jẹ́ kí àgbà sùn lọ́sàn-án ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Màmá wa ní kí n kí ọ, kí n má sì bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Mo ti gbọ́.

A ti ṣe ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì wọn ní ilé-ìwòsàn tí wọ́n ti ń fọṣọ láti ìgbà tí o ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. O mọ̀ pé wọn kò dúró sọ̀rọ̀ níwájú èrò rí. Iwájú ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ dánra wò.

Wàhálà ibẹ̀ ni ọ̀gá àgbà wọn, ẹni tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Ọ̀gá Ṣókí. Bó bá ti ní "ṣókí ni mo fẹ́ sọ," kí o yáa wá ibi fẹ̀yìn tì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé-ìwòsàn lélẹ̀, ó sọ̀rọ̀ dé orí páìpù omi, kò sì kúrò lórí rẹ̀ mọ́. Màmá wa ń wo ẹnu ọ̀nà. Àwọn afọṣọ ẹgbẹ́ wọn fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ láìpẹ́, àwọn yẹn gan-an ni Màmá sì fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ni Tíṣà, ọkọ mi, bá fẹnu sí mi létí. O mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sú u. Ó ní ṣé mo mọ "explode", èyí tí wọ́n ń lò bí nǹkan bá bú gbàù? Ó ní inú èdè Látìn ló ti ṣẹ̀ wá, pé ohun tó túmọ̀ sí níbẹ̀ ni kí òǹwòran pàtẹ́wọ́ lé òṣèré tó ti sú wọn kúrò lórí pèpéle. Ìgbà tó yá ló di lílé nǹkan jáde tariwotariwo, kó tó wá kan bọ́ǹbù.

Àbúrò mi, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo pàtẹ́wọ́. Àwọn afọṣọ gbè é, gbọ̀ngàn mì tìtì. Ṣé o mọ ohun tí Ọ̀gá Ṣókí ṣe? Ó tẹrí ba, ó ní òun ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ páìpù dùn mọ́ wa tó báyìí, ló bá tún padà sí ìpìlẹ̀. Tíṣà tẹjú mọ́lẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù.

Màmá wa ló yọ wá. Wọ́n dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ lọ bá a, wọ́n fà á lọ́wọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì sìn ín dé ìdí àga rẹ̀. Àfìgbà tó jókòó ká tó dáwọ́ dúró. Wọ́n wá gba makirofóònù, àmọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ́ ti fò lọ lórí wọn. Wọ́n wo àwọn afọṣọ títí, wọ́n ní, "Aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ ọmọ ẹni ẹlẹ́ni la jọ fọ títí, a ò béèrè rí pé ta ló ni ín. Ẹ máa tọ́jú ọwọ́ yín."

Ó parí. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, nítorí ojú ni kálukú ń nù.

Nígbà tí a ń jáde, Ọ̀gá Ṣókí wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá wa. Ó ní ẹnikẹ́ni ò yẹ́ òun sí bẹ́ẹ̀ rí, bí ẹbí wa bá tún ní ohunkóhun láti ṣe, kí a ṣáà ránṣẹ́ pe òun. Mo sọ fún un pé o fẹ́ ṣílé. Mo ti fún un ní àdírẹ́sì rẹ.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì ra àga onítìmùtìmù.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ẹlẹ́rìn-ín.