Tapólì Tí Òjò Ò Gbọdọ̀ Pa

Àbúrò mi,

Ẹ kú àtijọ́ o, ìwọ, ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti ń san.

Ọ̀rọ̀ Bàbá ló ká mi lára. Tapólì tí o fi ránṣẹ́ pé ká máa fi bo àga ìta, wọ́n ti ká a sínú àpótí! Wọ́n ní ẹ̀bùn ọmọ àwọn ni, òjò ò gbọdọ̀ pa á. Àga tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kàn ń jẹrà lọ. Mo figbe ta, wọ́n ní kí n fi ìró mi bò ó. Ìró tèmi, òjò lè pa ìyẹn!

Jọ̀ọ́, fi tapólì míì ránṣẹ́, ṣùgbọ́n sọ pé èmi ni mo rà á. Ìta ló máa sùn.

Ọlọ́run á máa bò yín o.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin