Túká Kọ́, Fọ́nká Ni

Sátidé, Dagenham

Mo kórìíra Sista Ṣadé. Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí n kọ ọ́ sínú ìwé báyìí.

Ní ọjà Heathway lónìí, ó dì mọ́ mi: "Mọ́mì Tọ́lá, ó mà ṣe o, ẹgbẹ́ akọrin wa ti túká!" Èmi ọ̀dẹ̀, mo ní, "Ó mà ṣe."

Túká kẹ̀? Ohun tí okùn rẹ̀ dẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń túká. Bí ìyá mi bá da àgbàdo fún adìyẹ, ọwọ́ rẹ̀ ló fọ́n ọn ká. Ẹnu Ṣadé, tó ń gbé àṣírí wa láti ilé kan dé èkejì títí a kò fi kí ara wa mọ́, ló fọ́n wa ká.

Àmọ́ sẹ́kọ́ńdírì ni mo kà mọ. Bóyá mo ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́... Rárá o.

Lọ́la ní ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú gbogbo ìjọ, màá bi í pé ta ló fọ́n wa ká. N kò ní jókòó títí yóò fi dáhùn.