Ènì Èédú Tí Mo Fi Kún Ti Àwọn Baba Ńlá Wa

Avomo, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Libreville níbẹ̀? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Òjò ìlú yín kò ní gbé yín lọ, ẹni tó fẹ́ ṣe ọ́ lóore kò ní gbàgbé orúkọ rẹ. Àwa náà ń mí. Bàbá rẹ ń jẹun, àmọ́ láti ọjọ́ Àìkú ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé, má fò ó kà o.

Ọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ wa láti yunifásítì, Dókítà Mintsa lorúkọ rẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ dókítà báyìí, mo ti ká aṣọ sókè, mo fi orúnkún tó ń dùn mí hàn án, bàbá Essono aládùúgbò wa sì ti la ẹnu kalẹ̀ lẹ́yìn mi kó lè wo eyín òun. Ó rọra ní, ẹ má bínú, ìyá, ilẹ̀ lòun ń yẹ̀ wò, kì í ṣe èèyàn. Inú igbó ló ti ń wa ilẹ̀, kó lè mọ àwọn tó gbé ibẹ̀ rí, kó sì kọ ìtàn gbogbo agbègbè wa sílẹ̀. Ṣé o mọ ohun tó wá ń wá? Ààtàn. Èèyàn tó kàwé tó bẹ́ẹ̀, ààtàn àwọn ìyá ọkọ mi ló ń tú ní ahoro wa lábẹ́ àwọn ọ̀pẹ àtijọ́, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Bó bá rí àpáàdì, á máa dá rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré o. Àwọn agégẹdú kan ti sọ fún ìjọba pé igbó yẹn kò lẹ́ni tó ni ín, pé ẹnikẹ́ni ò gbé ibẹ̀ rí, káwọn lè gé e. Dókítà ní tóun bá rí èédú nínú ààtàn náà, ẹ̀rọ kan wà nílùú òyìnbó tó ń bi èédú ní ọjọ́ orí rẹ̀, èédú á sì dáhùn, ìjọba á wá mọ̀ pé a ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Mo ní ṣé èédú ní ìwé ọjọ́ ìbí ni? Èmi tí mo lẹ́nu, ìjọba ò gbà pé mo mọ ọjọ́ orí mi. Ó ṣáà rí èédú náà, ó dì í sínú ọ̀rá.

Avomo, èédú yẹn kéré. Ó ti rún wómúwómú, kò lè yan ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Àlejò tó wá gbèjà wa, ṣé ọ̀rá tí kò kún ni yóò gbé kúrò nílé mi? Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn? Nígbà tó lọ wẹ̀ lódò, mo tú ọ̀rá náà, mo fi ènì sí i látinú ààrò mi, mẹ́ta gbàǹgbà, igi tó dáa, mo sì dì í padà.

Ìgbà tí mọ́tò rẹ̀ lọ tán ni mo fi ọ̀yàyà ròyìn fún bàbá rẹ ní abaa, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń mu ẹmu. Ó gbé ife sílẹ̀. Ó ní, Nzang, o ti pa mí. Ó ní tí ẹ̀rọ bá bi èédú tìrẹ, yóò ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá la dé inú igbó yìí, pé ẹja la wá yan. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi òun, nítorí inú igbó yẹn ni wọ́n sin bàbá bàbá rẹ̀ sí. Ó dùn mí gan-an.

Mo pe Dókítà lórí fóònù, obìnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ dùn, Faransé rẹ̀ já geere. Mo kí i, mo ro ẹjọ́ mi fún un látòkèdélẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ. Mo tún pè, òun náà ni. Bóyá ìyàwó rẹ̀ ni, tí kò fẹ́ kí obìnrin máa pe ọkọ òun.

Nítorí náà, ìwọ ni kó lọ bá Dókítà ní yunifásítì. Ó ti sọ pé Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ òfurufú máa gbé èédú náà lọ sílùú òyìnbó, wọn ò tiẹ̀ béèrè físà lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ. Tó o bá ti ibẹ̀ dé, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi fún iyọ̀ àti ọṣẹ. Ọlọ́run á mú ọ débẹ̀ ní wéré, wàá bá Dókítà lórí ìjókòó, ojú rere ni yóò fi wò ọ́. Bẹ̀ ẹ́ dáadáa. Sọ fún un pé èyí tó rún wómúwómú yẹn, àwọn baba wa ni. Mẹ́ta gbàǹgbà yẹn, èmi ni. Kó dákun, kó yọ mí kúrò láàárín wọn, mi ò tíì ṣe tán àtilọ bá wọn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Nzang