Abọ́ Mẹ́rin Tí Kò Gbọdọ̀ Dún

                                        Ilé Abọ́ Im,
                                        Abúlé Sannae,
                                        Namwon, Korea.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Keje, 2019.

Chunim, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Báwo ni òjò ṣe ń ṣe yín sí ní Busan? Ṣé orúnkún ọkọ rẹ ti ń gbọ́ oògùn? Ọmọ rẹ tó lóyún ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ojú mi ló tún wú nítorí oje igi tí a fi ń kun abọ́, ṣùgbọ́n ìwọ náà wà nílé ìwé nígbà tí wọ́n ń pè mí ní Olójú-Elégédé, kì í ṣe tuntun.

Jókòó kí o tó ka ìyókù. Ìwọ lo gbọ́ ẹkún mi nígbà tí Taegon àbúrò mi gba Seoul lọ, tí Bàbá sì ní iṣẹ́ ilé wa parí nìyẹn, bí ẹni pé àga lásán ni èmi tí mo ti ń gbẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún. Láti ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, èmi ni mò ń ṣe gbogbo abọ́, èmi náà ni mo sì ń fi oje pupa kọ orúkọ tirẹ̀ sí ìdí wọn. Mi ò bá orúkọ náà jà. Mo kàn fẹ́ kí Bàbá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Àwọn ìyá ẹlẹ́sìn Búdà tó wà nílé ìsìn orí òkè ló wá béèrè abọ́ fún Ìyá Myohye, olórí wọn tuntun. O mọ irú abọ́ wọn: abọ́ mẹ́rin tó wọnú ara wọn, a kì í sì í gbọ́ kí igi kan igi nídìí oúnjẹ wọn. Mo kùn wọ́n lẹ́ẹ̀mẹfà. Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n dán ju ti ìgbà èwe Bàbá lọ, mo bá kùn wọ́n lẹ́ẹ̀keje. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Abọ́ tó kéré jù há sínú ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá dojú rẹ̀ dé, ó gbọ̀n ọ́n, kò já bọ́.

Ó ní, “Àwọn ìyá yẹn á máa mú òòlù wá sídìí oúnjẹ nìyẹn. Ẹ̀wù òtútù lo wọ̀ fún un ni?”

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí Ìyá Myohye wá gbà wọ́n. Mo fi èédú ha oje tó lé kúrò lára abọ́ kékeré náà, mo tún un kùn fẹ́ẹ́rẹ́. Òjò ló ràn mí lọ́wọ́, torí inú ọ̀rinrin ni oje yẹn ti ń gbẹ.

Ìyá Myohye dé lánàá. Kò tiẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ń dán. Ó jókòó, ó ní ká gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ wá, ó sì fi àtàǹpàkò méjèèjì yọ abọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Chunim, mo gbọ́ òjò lórí òrùlé, mo gbọ́ àyà ara mi, mi ò gbọ́ abọ́. Ó jẹun tán, ó fi omi gbígbóná àti ègé ẹ̀fọ́ kimchi kan nu inú wọn, ó mu omi náà, ó sì tò wọ́n padà. Kò sí èyí tó dún.

Ó ní, “Ọ̀gá Im, wọ́n ní ọwọ́ yín ń gbọ̀n. Irọ́ ni wọ́n ń pa.”

Bàbá ní, “Ó ń gbọ̀n, Ìyá. Ife tíì gan-an ń dà mọ́ mi lára. Gwirye ọmọ mi ló ṣe abọ́ wọ̀nyí.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi dákẹ́ láti àárọ̀?”

“Mo ń dúró kí abọ́ dún ni.”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ dì wọ́n, Bàbá gbé ọwọ́ lé wọn, ó ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ku ohun kan.

Bó ṣe lọ tán, Bàbá mú búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín jù, ó dojú abọ́ ńlá dé, ó sì fi oje pupa kọ orúkọ mi sí ìdí rẹ̀. Bàbá yìí, tí kì í fojú fo ìlà tó wọ́ nínú iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ìlà tó kẹ́yìn wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ó ní kí n nù ún nù, kí n fi ọwọ́ ara mi tún un kọ. Mo gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sínú yàrá ọ̀rinrin kí orúkọ náà lè gbẹ bẹ́ẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì sọ fún aboyún wa pé abọ́ àkọ́kọ́ ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Tìrẹ títí,
Gwirye, oníṣẹ́ abọ́.